Kérésìmesì ní Ilẹ̀ Àlejò: Ìtàn Àlàáfíà láti Kùmásì dé Àgbádárìgì

Ọ̀rọ̀ àlàáfíà kì í wọ́n lẹ́nu wa nígbà Kérésìmesì. Òun ni a fi ń kí ara wa lójú ọ̀nà, òun ni a ń kọ lórin, òun ni àwọn oníwàásù sì ń mú lé wa lọ́wọ́ kí a tó túká nílé ìsìn. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè pé kín ni àlàáfíà náà, ìdáhùn wa kò ní jìnnà: kí oúnjẹ wà nínú ilé, kí àwọn ọmọ wọ aṣọ tuntun, kí wàhálà má ṣe kan ilẹ̀kùn wa. Kò burú bí Ọlọ́run bá fi ìwọ̀nyí kẹ́ wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé èyí nìkan ni àlàáfíà Kérésìmesì, a jẹ́ pé àwọn ará wa tí wọ́n di ẹrù kúrò ní Alabar, ní ìlú Kùmásì, nígbà tí Kérésìmesì ọdún 1969 kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kò ní ìpín kankan nínú rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ ìtàn kan fún ìjọ ní àkókò yìí. Ìtàn ilẹ̀ méjì ni, Gánà àti Nàìjíríà, àti ti àlàáfíà tí ó ti ń lọ tí ó ti ń bọ̀ láàárín wọn lọ́wọ́ àwọn àlejò. Àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ̀ ọ́n, àwọn àgbà tí ó ṣojú wọn sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Oníwàásù kan ní ìlú méjì

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wọlé wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1838, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Cape Coast, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni ó rán an. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí i. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dé tí ikú fi mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ì bá wọ ọkọ̀ padà sílé, òun dúró.

Ní ọdún 1839, ó mú ọ̀nà igbó pọ̀n lọ sí Kùmásì, olú ìlú ilẹ̀ Àṣáńtì. Àwọn Àṣáńtì àti àwọn ará etí òkun ti bá ara wọn jagun títí, ọdún mẹ́jọ péré sì ni wọ́n ti ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1831. Kò yà wá lẹ́nu nígbà náà pé àwọn ìjòyè Àṣáńtì fura sí àlejò náà, tí wọ́n sì dá a dúró ní Fomena fún ohun tí ó ju ogójì ọjọ́ lọ, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọ ìlú ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. Ó ní sùúrù. Ọba Kwaku Dua sì gbà á.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 1841, Freeman tún wọ Kùmásì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú àwọn ọmọ ọba Àṣáńtì méjì bọ̀ wá sílé. Lẹ́yìn àdéhùn 1831 ni a ti fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ìdógò, wọ́n sì ti kàwé ní ìlú òyìnbó. Ó wà ní Kùmásì títí oṣù kìíní ọdún 1842 fi parí. Èyí ni pé Kérésìmesì ọdún 1841 bá a ní Kùmásì, ní àárín àwọn ènìyàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ wọn gbà padà.

Ní àkókò yìí kan náà, àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, ti ń padà bọ̀ láti Sàró sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Wọ́n bá ogun àti ìkónilẹ́rú nílé. Wọ́n kọ̀wé pé kí a rán olùkọ́ sí àwọn; James Fergusson kọ tirẹ̀ ní ọdún 1841. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rán Freeman. Ó wọkọ̀ láti Gold Coast wá sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. Ní oṣù kejìlá, ó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí Ṣódẹkẹ́ ti fi ọ̀yàyà gbà á. Nígbà tí ó padà sí Àgbádárìgì, tí Kérésìmesì ku ọ̀la, ó bá àlejò mìíràn níbẹ̀: Henry Townsend, tí ìjọ Àńgílíkà rán láti Sàró. Ìjọ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n sì wá wo fún ìjọ wọn. Wọ́n ì bá du ibẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Kérésìmesì ni wọ́n jọ ṣe. Ìsìn ọjọ́ náà ni ìtàn mọ̀ sí ìsìn Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, igi Agia tí a sọ pé wọ́n wàásù lábẹ́ rẹ̀ sì dúró ní Àgbádárìgì títí ó fi wó ní ọdún 1959.

Ẹ̀yin ará, ẹ kíyè sí i. Ẹni tí ó ṣe Kérésìmesì ọdún 1841 ní Kùmásì ni ó ṣe ti ọdún 1842 ní Àgbádárìgì. Nígbà tí Freeman sì padà sí Gold Coast, ta ni ó fi sílẹ̀ láti máa tọ́jú iṣẹ́ náà? William de Graft ni, ọmọ Fántì láti Cape Coast, òun àti aya rẹ̀. De Graft yìí ti mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn jìyà nítorí ìgbàgbọ́, nítorí pé nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ láti máa ka Bíbélì ní Cape Coast, èdèkòyédè dé, ó sì ní láti fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Dixcove. Ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí ni ó kọ́kọ́ jókòó ti iṣẹ́ Ìhìn Rere ní Àgbádárìgì. Gbèsè kan nìyí tí ó wà lọ́rùn wa, ó sì dára kí a rántí rẹ̀ bí ìtàn yìí ti ń lọ.

Àwọn Yorùbá dé Alabar

Nígbà tí ọ̀nà rélùwéè láti Sekondi dé Kùmásì ní ọdún 1903, tí ti Accra sì dé ibẹ̀ ní ọdún 1923, ìlú náà di ojúkò òwò. Àwọn ènìyàn wa láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ẹjìgbò, Ìgbòho, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn gba ibẹ̀ lọ. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abọ́ àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tà. Ẹni tí ó bá ṣáájú dé a mú àbúrò rẹ̀ wá, àbúrò a mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, títí agbo ilé kan yóò fi ní ẹ̀ka nílé àti ní Kùmásì. Alabar, tí ó wà láàárín ìlú, tí kò jìnnà sí ọjà ńlá Kejetia, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí a ti ń gbọ́ èdè Yorùbá lójú pópó bí ẹni pé ọjà ilé ni ènìyàn wà. Nígbà tí ìjọba Gánà ka àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà ní ọdún 1960, àwọn Yorùbá tó bí ọ̀kẹ́ márùn-ún.

Wọn kò fi ìsìn wọn sílẹ̀ sílé. Àwọn Mùsùlùmí wọn kọ́ mọ́ṣáláṣí, àwọn Kristẹni wọn sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ni wọ́n gbin ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà láti nǹkan bí ọdún 1918. Ní ọdún 1953, Adeleke Adejobi ti Ìjọ Olúwa Aládùúrà, tí Josiah Ositelu dá sílẹ̀ ní Ògèrè, mú iṣẹ́ ìjọ rẹ̀ dé Kùmásì. Ohun tí De Graft gbé wá fún wa ní ọdún 1842 ni àwọn ọmọ wa tún gbé padà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tí ó gba omi mu lánàá ni yóò bu omi fún ẹlòmíràn lónìí.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá

Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn títí kí onílé má re ilé. Nǹkan yí padà ní Gánà. Gbèsè wà lọ́rùn ìjọba, iṣẹ́ wọ́n, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń rìn kiri láìní ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí nǹkan bá le báyìí, ojú a máa kọ́kọ́ yí sí àlejò. Wọ́n ní àlejò ni ó gba ọjà lọ́wọ́ onílé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé K. A. Busia, tí kò tíì lo oṣù méjì lórí oyè, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá ìwé náà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, tàbí kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kejìlá ni gbèdéke parí.

Ẹ fi ojú inú wo ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀. A ti bí àwọn mìíràn síbẹ̀, wọn kò sì mọ ìlú bàbá wọn rí àfi lórúkọ. Ẹni tí kò wá ìwé rí láyé rẹ̀, nítorí kò mọ̀ pé òun yóò nílò rẹ̀, ni a ní kí ó wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjà tí a fi gbogbo ọjọ́ ayé kó jọ di ohun tí a ń tà ní ọ̀pọ̀. Owó tí a dá fún oníbàárà di ohun àwátì. Ilé dúró, ẹni tí ó kọ́ ọ lọ. Ọkùnrin Yorùbá tí ó fẹ́ ọmọ Gánà ní láti yàn bóyá kí aya àti àwọn ọmọ bá òun lọ ni o, tàbí kí wọ́n dúró. Ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn ni ó gba ojú ọ̀nà, nínú lọ́rì àti nínú ọkọ̀ èrò, láti Aflao gba Togo àti Dahomey kọjá dé Nàìjíríà. Ìjọ mìíràn tí ó kún ní Sunday kan di òfìfo ní Sunday kejì, àwọn díẹ̀ tí ó kù, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀, sì gba ilé ìsìn náà ṣe ìtọ́jú.

Ǹjẹ́ ilé tí wọ́n ń padà bọ̀ ha fara rọ bí? Rárá o. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1967 ń lọ lọ́wọ́. Kò parí títí di oṣù kìíní ọdún 1970. Ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn, rògbòdìyàn owó-orí tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde sí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ ni. Ní Ogbómọ̀ṣọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, a ti pa Ṣọ̀ún, ọba ìlú, nínú rògbòdìyàn náà ní ọdún 1969 yìí kan náà. Àwọn tí a lé kúrò ní ilẹ̀ àlejò wá bá ọ̀fọ̀ nílé.

Irú Kérésìmesì wo ni ó wá dé bá wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà? Àwa gbà pé òun ni ó jọ Kérésìmesì àkọ́kọ́ jù lọ. Ẹ tún ìwé Lúùkù àti ti Mátíù kà pẹ̀lú ọkàn tuntun. Àṣẹ ìjọba ni ó gbé Jósẹ́fù àti Màríà kúrò nílé wọn. Wọn kò rí ààyè nílé èrò. Ọmọ náà kò tíì dàgbà tí ọba kan fi ń wá ẹ̀mí rẹ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé e sá lóru lọ sí Íjíbítì, ní ilẹ̀ àwọn àjèjì. Ní àárín irú nǹkan báwọ̀nyí ni àwọn áńgẹ́lì ti kéde àlàáfíà fún àwọn olùṣọ́ àgùntàn. Wọn kò dúró kí Késárì yí àṣẹ rẹ̀ padà kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Nítorí náà, àlàáfíà tí à ń sọ kì í ṣe pé kí wàhálà kásẹ̀ nílẹ̀. Pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa nínú wàhálà náà ni. Ẹni tí ó bá mọ èyí lè fi ọwọ́ òfìfo wọ ilé, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti Gánà dé ṣe: wọ́n tún ọjà dá, wọ́n tún ilé kọ́, wọ́n sì fi kún agbára àwọn ìjọ ìlú wọn.

Nígbà tí ó yí kàn wá

A kò ní sọ òtítọ́ tán bí a bá dúró níbi tí ìyà ti jẹ wá. Ní ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn pé kí àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn lè máa lọ máa bọ̀ láàárín ara wọn. Nàìjíríà ní owó epo nígbà náà, Gánà sì wà nínú ìṣòro; àwọn ọmọ Gánà wá, wọ́n ṣe olùkọ́, kọ́lékọ́lé, télọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ni ọmọ Gánà kọ́ ní ìṣirò. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, tí iṣẹ́ wọ́n, ojú àwa náà yí sí àlejò. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, láti ẹnu Alhaji Ali Baba tí ó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò kí oṣù náà tó parí. Ọjọ́ mẹ́rìnlá náà ni! A sọ pé àwọn ọmọ Gánà tí ó lọ lé ní mílíọ̀nù kan. Ibodè Gánà wà ní títì nígbà náà, ti Togo náà sì tì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn há sí Benin, nínú òòrùn àti ebi, títí wọ́n fi ṣí ọ̀nà fún wọn ní ìparí oṣù náà. Ilé tí wọ́n sì ń lọ, ọ̀dá àti iná igbó ni wọ́n bá níbẹ̀, bí àwa ti bá ogun nílé ní 1969. Báàgì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kó ẹrù wọn sí ni à ń pè ní "Ghana Must Go" títí di òní. A ń gbé e lọ sọ́jà, a sì ti gbàgbé pé omijé wà nínú orúkọ rẹ̀.

Àwọn Kristẹni kan wà ní Nàìjíríà tí wọ́n ṣàánú àlejò wọn nígbà náà, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́: àwọn mìíràn wà nínú wa, tàbí nínú ìran wa, tí wọ́n rántí 1969 kìkì láti fi ṣe ẹ̀san. Wọ́n ní bí wọ́n ti ṣe sí wa ni a ṣe sí wọn. Ta ni a ṣe é sí? Ṣé télọ̀ inú àdúgbò ni ó kọ àṣẹ Busia? Ṣé olùkọ́ àwọn ọmọ wa ni ó lé bàbá wa ní Kùmásì? Ẹ̀san kì í mọ ẹni tí ó ṣẹ̀. Ẹni tí ó wà nítòsí ni ó máa ń mú. Èyí ni ó sì lòdì pátápátá sí Kérésìmesì, nítorí pé nígbà tí Ọlọ́run ní ẹ̀tọ́ láti gbẹ̀san lára ayé, ọmọ ọwọ́ ni ó rán wá.

Bí a ti ń rí àlàáfíà, àti bí a ti ń pín in

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Òfin Gánà ti ọdún 2013 fi òwò wẹ́wẹ́ inú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ nìkan, ní ọdún 2019 sì ni a ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà kan pa ní Kùmásì. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn wa ṣì wà ní Kùmásì, wọ́n ṣì ń tà, wọ́n ṣì ń jọ́sìn. Ẹnikẹ́ni nínú wa lè di àlejò lọ́la. Nítorí náà, ìtàn yìí béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ wa ní Kérésìmesì yìí.

Èkínní, kí a wá àlàáfíà níbi tí ó wà. Bí ọdún yìí bá bá ẹnìkan nínú àìsàn, nínú àìníṣẹ́, tàbí ní ìlú tí a kò ti mọ̀ ọ́n, kí ó má ṣe rò pé Kérésìmesì ti ré òun kọjá. Inú ibùjẹ ẹran ni a tẹ́ Olúwa sí.

Èkejì, kí a fi orí jin ara wa láìdúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Freeman àti Townsend kò kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ìjọ wọn kí wọ́n tó jọ gbàdúrà ní Àgbádárìgì. Bí ìjà kan bá wà láàárín ẹ̀ka kan àti èkejì, tàbí láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lórí ogún bàbá, kí Kérésìmesì yìí má ṣe kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá àlejò rí. Àlejò wà ní ìlú gbogbo: ẹni tí ogun tàbí ebi lé wá, ọmọ ilẹ̀ mìíràn tí ń ṣe iṣẹ́ àárọ̀ṣúlẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ èdè wa. Kí a pè é sí ìsìn, kí a sì pè é sídìí oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn. Kí àwọn àgbà tí ó ti Gánà dé máa sọ ìtàn wọn fún àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ pẹ̀lú ìkorò. Kí wọ́n sọ nípa àṣẹ Busia, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ nípa William de Graft pẹ̀lú. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí ọlọ́ṣà tí ó kó ni lẹ́rù lọ; ìjọ tí ó bá sì gbàgbé àlejò tí ó mú Ìhìn Rere wá fún un kò ní mọ bí a ti ń gba àlejò mìíràn.

Kí Olúwa tí ó ṣe àlejò ní Íjíbítì ṣọ́ gbogbo àwọn ará wa tí ó wà lẹ́yìn odi, ní Alabar àti níbi gbogbo. Kí ó fi àlàáfíà rẹ̀ sí ilẹ̀ Gánà àti ilẹ̀ Nàìjíríà, kí ó sì ṣe wá ní ẹni tí ń gbé àlàáfíà náà lọ fún ẹlòmíràn. Àmín.